Mo Lọ Mu Omi Pupa ní Ilẹ̀ Òyìnbó

Ìbíyẹmí ni orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Ọdún mẹ́ta ló fi jù mí lọ, ẹní kan náà la sì jọ ń sùn lé nílé wa lórí òkè Agbaja. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlá, ó dúró níwájú gbogbo àwọn ìyá abúlé, ó nàka sí mi, ó ní òun rí mi níbi tí mo ti ń fọ aṣọ nǹkan oṣù ní ìsun. Mi ò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní nǹkan oṣù lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ò gbé orí òkè rí lè sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ìsun kan ṣoṣo la ní. Ìdí àpáta ló ti ń sun jáde, abúlé mẹ́ta ló sì ń mu ún. Obìnrin tó bá wà lójú nǹkan oṣù kì í débẹ̀. Ará ilé rẹ̀ ni yóò bá a pọnmi. Àwa ọmọbìnrin tí a ò tíì bàlágà la máa ń gbá ẹnu ìsun, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọjọ́ ọjà kan sí èkejì. Èmi ló kàn nígbà náà. Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, òjò tó fa igi tu. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi tó ń jáde lábẹ́ àpáta pupa bí epo. Wọ́n ní ẹnì kan ti ba omi jẹ́. Wọ́n ń wá onítọ̀hún. Ìbíyẹmí sì dárúkọ mi.

Wọ́n lé èmi àti ìyá mi kúrò ní ìsun. Odò tó wà nísàlẹ̀ òkè ni ìyá mi ń sọ̀ kalẹ̀ lọ pọn, títí eékún fi kọ̀ fún un, títí ó fi kú. Wọ́n sọ mí ní Amómipọ́n. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ mi, nígbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ gbọ́ orúkọ yẹn, wọ́n kó ẹrù ìdána wọn padà lójú gbogbo ayé. Mo mọ àwọn tó kó o. Ẹni tó kù láyé nínú wọn lè ka ohun tí mo kọ yìí, bí ojú rẹ̀ bá ṣì ríran.

Bàbá mi rán mi lọ sílé ìwé ní Lọ́kọ́jà, lọ́dọ̀ ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin. Ìyá yẹn bu omi inú ìkòkò rẹ̀ fún mi mu lọ́jọ́ tí mo dé, kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ọlọ́run á forí jì í. Nígbà tí mo dé Fọ́ọ̀mù Tíríì, tíṣà jọ́gíráfì kọ́ wa pé omi tó bá gba inú òkúta irin kọjá máa ń pọ́n nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kàn án. Mo dìde dúró láàárín kíláàsì, mi ò sì mọ̀ pé mo dìde. Nígbà ìsinmi mo gun òkè lọ, mo sọ fún àwọn ìyá tó ń ṣọ́ ìsun pé irin ni. Olórí wọn wo yunifọ́ọ̀mù mi láti òkè délẹ̀.

"Irin?" ló wí. "Ṣé irin náà ti wá ń ṣe nǹkan oṣù ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Èmi náà di tíṣà jọ́gíráfì. Mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa irin, mo sì fẹ̀yìn tì sí Gadumo ní Lọ́kọ́jà. Ìmọ̀ ò wo ọgbẹ́ náà. Ẹnu tó bà mí jẹ́ ni mo ń fẹ́ kó tún mi ṣe.

Nítorí náà, nígbà tí Bùnmi, ọmọ Ìbíyẹmí, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pè mí lórí wátsáàpù, mo tẹ́tí.

"Mọ́mì ti darúgbó, Anti," ló wí. "Èdè Oworo nìkan ni wọ́n ń sọ báyìí, àwa ò sì gbọ́ ọ tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa."

Mo ní màá wá. Ó rò pé àánú ló ṣe mí. Kì í ṣe àánú. Mo fẹ́ fetí ara mi gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, kí ọ̀kan nínú wa tó kú, pé irọ́ ló pa.

*Ilé aláwọ̀ ilẹ̀ wa*

Mi ò ní dárúkọ abúlé tí Bùnmi àti ìyá rẹ̀ ń gbé, nítorí àwọn tó gbà mí lálejò níbẹ̀ ò bẹ̀ mí kí n sọ wọ́n di ọ̀rọ̀ ìwé. Àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà. Mo ti rò pé màá bá ilé funfun àti koríko tútù. Koríko wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ilé náà pọ́n rúsúrúsú, láti ìpìlẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì, bí ìgbà tí wọ́n gbẹ́ wọn jáde láti ara òkè Agbaja. Mo ní kí Bùnmi dá mọ́tò dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fọwọ́ pa ògiri ilé onílé. Eruku pupa yọ sí mi níka.

"Anti, ẹ rọra o," Bùnmi ní. "Wọ́n á rò pé ẹ fẹ́ ra ilé."

Mo ti kọ́ ohun tí màá sọ sórí. Mo ti pinnu pé mi ò ní kúnlẹ̀. Ìbíyẹmí wà lẹ́nu ọ̀nà, ó di ọ̀pá onítáyà tí àwọn arúgbó fi ń rìn mú. Ó ti kéré. Ọmọbìnrin gíga tí mo ń bínú sí láti ọjọ́ yìí wá ò sí níbẹ̀. Ìyá àgbà kan ló wà níbẹ̀, tí súẹ́tà rẹ̀ tóbi jù ú lọ.

"Okun o," ló fi Oworo kí mi. "Okun, ọmọ bàbá mi."

Eékún mi ò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Kí n tó mọ̀, mo ti wà nílẹ̀.

Ó fọwọ́ kàn mí léjìká. "O ti rù. Ṣé wọn ò fún ọ lóúnjẹ ní Lọ́kọ́jà ni?"

"Wọ́n ń fún mi. Inú ni ò jẹ́ kó gbà mí."

"Inú burúkú, àbí?"

"Inú tí wọ́n bà jẹ́ ni, Ẹ̀gbọ́n."

Bùnmi rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwọn àgbà ń ṣeré. Ìbíyẹmí ò rẹ́rìn-ín. Ó yí ọ̀pá rẹ̀ padà, ó ní kí n wọlé kí òtútù má pa mí.

*Wọn kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì*

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò sọ nǹkan kan. Bí mo bá dárúkọ ilé, á ní ilé tutù. Bí mo bá dárúkọ ìsun, á bi mí bóyá mo ti jẹun.

Nígbà tí ọ̀ràn bá ti sú mi, mo máa ń lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò wọn, ìyá funfun kan tó ń jẹ́ Dórótì. Ó tó ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ ó ní kí n máa pe òun ní Dórótì lásán. Ẹnu mi kọ̀. Màmá Dórótì ni mo ń pè é, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tí wọ́n fún lóyè.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé rẹ̀, ó ní ṣé màá mu tíì. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi, mo ní rárá, ẹ ṣeun, mo sì ń retí kó tún rọ̀ mí. Kò rọ̀ mí. Ó po tirẹ̀, ó mu ún níwájú mi pẹ̀lú bísíkíìtì, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ tayọ̀tayọ̀. Mo bínú délé. Ìbíyẹmí ló là mí lójú: "Wọn kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Bí ebi bá ń pa ọ́ níbí, wí pé ebi ń pa ọ́."

Wọ́n máa ń tọrọ àforíjì ju àwa lọ. Mo tẹ bàbá kan lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, òun ló bẹ̀ mí. Mo ronú sí i lọ́jọ́ náà: àwọn èèyàn tí "ẹ má bínú" wà létè wọn bí itọ́, èmi sì fi ojú omi àti ojú ọ̀run rìn wá gba ẹyọ kan ṣoṣo.

Bàbá mìíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì bi mí pé ibo ni mo ti wá. Mo ní Lọ́kọ́jà. Ó ní ṣé ó jìnnà sí Nàìróbì. Mo gba bírò rẹ̀, mo ya odò Ọya àti odò Bẹ́núè sẹ́yìn ìwé orin wọn, mo fi àmì sí ibi tí wọ́n ti pàdé. Ó yẹ ìwé náà wò pẹ́, ó ní àwọn ò ní odò tó tó bẹ́ẹ̀. Ó ká ìwé náà sápò. Ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì ni o.

Oúnjẹ wọn ò burú, ó kàn dákẹ́ ni. Ọ̀dùnkún gbígún, ẹ̀wà tútù aláwọ̀ ewé, ẹran tí wọ́n fi ìyẹ̀fun bò bí ẹni fi aṣọ bo òkú. Lọ́jọ́ tí mo se ẹja gbígbẹ tí mo gbé wá láti etí odò, Bùnmi ṣí gbogbo fèrèsé, ó ń bẹ̀rù aládùúgbò. Aládùúgbò sì dé. Màmá Dórótì ní òun gbóòórùn nǹkan kan, ṣé kò sí ìjàǹbá? Mo bu ọbẹ̀ fún un. Ó tọ́ ọ wò, ó pọ́n bí tòmátì, ó ń nu imú, ó ń nu ojú, ó mu omi ife mẹ́ta.

"Ṣé mo lè gbà sí i?" ló wí.

Ìbíyẹmí rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mí lápá mú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún méjìlá tó fọwọ́ dì mí mú bẹ́ẹ̀. Mi ò fa apá mi yọ.

*Oko tó rẹlẹ̀ ju ọ̀nà lọ*

Màmá Dórótì ló ń tọ́jú ìwé ìtàn abúlé náà. Ìwé pẹlẹbẹ kan ni, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń kó o sí, ẹni tó bá fẹ́ yóò mú. Mo ka tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo igi. Wọ́n kọ ibi tí amọ̀ wà, ibi tí wọ́n ti ń sun ẹfun, kànga tó gbẹ àti èyí tí kò gbẹ. Abala kan wà tó jẹ́ ti òkúta irin. Òmíràn jẹ́ ti ìsun.

Ó mú mi jáde lọ wo oko. Ohun kan yà mí lẹ́nu: ọ̀nà ga, oko rẹlẹ̀. Bí ẹ bá dúró lójú ọ̀nà, orí màlúù ni ẹ óò máa wò láti òkè. Ó ní láyé àtijọ́ wọ́n ká ilẹ̀ náà bí ẹní, wọ́n wa òkúta irin abẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n sì tún tẹ́ ilẹ̀ padà. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó wà á. Aṣọ bàbá rẹ̀ kì í mọ́. Ìyá rẹ̀ kì í fọ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ ẹlòmíràn, nítorí ó ń sọ gbogbo aṣọ di pupa.

Mo sọ fún un pé a ní irin náà lórí òkè wa, pé láti kékeré mi ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn kan ń bọ̀ wá wà á, pé ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà dé ni ò tíì dára.

"Ẹ má kánjú," ló wí. "Nígbà tí wọ́n bá lọ tán, oko yín á ti rẹlẹ̀."

Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ ìsun. Ó ní ìsun kan wà ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí omi rẹ̀ pupa. Ó ní láyé àwọn ìyá ìyá òun, obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti tán lára, obìnrin tó bá bímọ tí ara rẹ̀ funfun, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn, kó mu ún kí ẹ̀jẹ̀ lè padà.

Mo jókòó sórí òkúta kan. Níbi tiwa, wọ́n ń lé obìnrin tó ń ṣẹ̀jẹ̀ kúrò nídìí ìsun. Níbi tiwọn, ìdí ìsun ni wọ́n ń gbé e lọ.

Mo pinnu lójú ẹsẹ̀ pé màá mú Ìbíyẹmí débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: kì í ṣe inú rere ló sún mi sí i. Mo fẹ́ kó rí omi náà kó tijú.

*Níwájú omi*

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Bùnmi ti ìyá rẹ̀ lórí àga onítáyà, èmi àti Màmá Dórótì ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ògiri kúkurú kan ni, pẹ̀lú àwo òkúta nísàlẹ̀ rẹ̀, ife irin kan so mọ́ ọn. Omi ń sun jáde pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́. Gbogbo ibi tó gbà kọjá pọ́n. Ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀ dà bí epo tó dì.

"Bí òjò ńlá bá rọ̀, ó máa ń pọ́n jù báyìí lọ," Màmá Dórótì wí.

Mo yíjú sí Ìbíyẹmí. Mo ti ń retí ìtìjú. Ẹ̀rù ni mo rí. Ó fa aṣọ tí wọ́n fi bo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra.

"Ta ló ṣe é?" ló bi mí ní Oworo.

"Kí ni?"

"Omi yìí. Ta ló ṣe é nínú wọn?"

"Ẹnikẹ́ni kọ́ ló ṣe é, Ẹ̀gbọ́n."

"Má tàn mí. Omi kì í dédé rí báyìí. Mo mọ̀ ọ́n."

"Irin ni. Ó wà nínú òkúta. Omi ló ń fọ̀ ọ́ jáde."

Ó tẹ̀ síwájú lórí àga. "Tiwa ńkọ́?"

"Irin ni tiwa náà."

"Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀?"

"Kò jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún láìpariwo, bí àwọn tó ti gbé pẹ́ nílé tí ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́ ṣe máa ń sun ún.

"Èmi ni," ló wí. "Ìdájí ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí tèmi. Ẹ̀rù bà mí, mi ò jí ẹnikẹ́ni. Mo sáré lọ síbẹ̀ lọ fọ ara mi àti ìró mi. Ojú ọ̀run ṣú, mi ò rí omi dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, mo rí i pé gbogbo rẹ̀ ti pọ́n. Mo ní mo ti pa ìsun. Nígbà tí wọ́n ń bi wá, ìwọ lo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Ìwọ lo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìdí rẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ro oríṣiríṣi ìdí: ìlara, bàbá rẹ̀, ẹwà mi. Mi ò ro èyí.

"Ọmọ méjì ni mo sin kí n tó bí Bùnmi," ló tún wí. "Mo ní ìsun ló ń gba ẹ̀san. Ìdí tí mi ò fi padà sílé nìyẹn. Mo rò pé bí mo bá débẹ̀, omi á tún pọ́n, gbogbo wọn á sì mọ̀."

Mo ti ní ohun tí mo wá gbà. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò dùn. Mo dì í lọ́wọ́ mú, mo wá ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ́ sórí, mi ò rí i.

Ó nu ojú. "Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé irin ni?"

Mo lè parọ́. "Láti Fọ́ọ̀mù Tíríì."

"Fọ́ọ̀mù Tíríì." Ó wò mí bí ìyá mi ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo bá fọ́ àwo. "O wí fún àwọn ìyá ìsun. O wí fún ọmọ ọlọ́mọ nílé ìwé. O ò wí fún mi."

"Mo ń dúró kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ mí."

"Èmi náà ń dúró kí n kú."

Màmá Dórótì ti kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń wo ògiri bí ẹni pé òun ni wọ́n ní kó ka òkúta rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bo èèyàn láṣìírí níbẹ̀ nìyẹn: wọn kì í bi ọ́ ní ohun tó ṣe ọ́, ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń kọ sí ọ. Mo fi ife bu omi. Mo mu ún. Ó dà bí ìṣó tí káfíńtà há sẹ́nu. Mo tún bu òmíràn, mo gbé e sí Ìbíyẹmí létè. Ó di ojú, ó mu ún tán.

"Ó burú," ló wí.

"Ó burú púpọ̀."

*Àárọ̀ tí mo fẹ́ kúrò*

Ọ̀sẹ̀ tó kù, èmi ni mo ń wẹ̀ fún un. Mo di irun rẹ̀, ó ní mo fà á jù, ó ní bí mo ṣe máa ń fà á nìyẹn láti kékeré. Ó máa ń jí mi kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa láti bi mí nípa ẹni tó ti kú nílé. Mo ń dárúkọ wọn, ó ń sọ pé kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, títí kan olórí àwọn ìyá ìsun. Èmi ò lè ṣe àmín sí tìyẹn. Ó ṣe àmín náà fún mi.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ máa bọ̀, ó ní kí wọ́n gbé òun dé ìdí mọ́tò. Mo fẹnu sí i létí. Mo sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀. Mo ní màá gun òkè Agbaja lọ, màá pe àwọn obìnrin jọ, màá sọ fún wọn pé irin ni, pé kò sí ẹni tó ba omi jẹ́, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ẹ̀bùn ni mo ń fún un.

Ó di ọwọ́ mi mú. Agbára tó wà nínú ọwọ́ náà yà mí lẹ́nu.

"Rárá," ló wí. "Bí o bá délé, má fi irin bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́ sọ fún wọn pé Ìbíyẹmí parọ́ mọ́ ọ."